Kúbíìkì mítà, àgbá epo, ẹ̀kán omi: Ta ni wọ́n ń ka nọ́ńbà náà fún?

Àkọsílẹ̀ àsọyé kan rèé lórí bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tó ń ṣàn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójútó ọ̀rọ̀ odò àti omi abẹ́ ilẹ̀ ní Nàìjíríà, fi ìkéde kan síta. Ó ní àwọn tó ń bójútó dáàmù Lagdo ní orílẹ̀èdè Cameroon ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi sílẹ̀ sínú odò Benue. Kúbíìkì mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé 1,000 láàárín ọjọ́ méje.

Ìkéde náà péye, kò sì sí àbùkù nínú ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ fi ara yín sí ipò àgbẹ̀ kan tó gbin ìrẹsì sí etí odò nítòsí Numan tàbí Makurdi. Ìrẹsì rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì kó gbó. Ohun tó ń wá nínú ìròyìn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kó tètè kórè é báyìí kí omi má baà gbé e lọ, àbí kó dúró? Ta ni yóò sọ fún un bóyá kúbíìkì mítà 100 pọ̀ àbí ó kéré?

Ohun tí àsọyé yìí fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Ohunkóhun tó bá ń ṣàn, ìbáà ṣe odò, epo rọ̀bì, omi ẹ̀rọ tàbí omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, nǹkan méjì ló wà nínú òṣùwọ̀n rẹ̀: irú ohun èlò tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àti àkókò tí wọ́n fi ń kà á. Lítà ni àbí àgbá? Ní ìṣẹ́jú kan ni àbí lójúmọ́? Ẹni tó bá ṣi èyíkéyìí yàn nínú méjèèjì lè sọ òótọ́ pọ́ńbélé, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ má sì rí ohun kankan fi ṣe.

Tánkà mẹ́ta, tánkà 30, tánkà 900

Kúbíìkì mítà kan ni omi tó máa kún inú àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Lítà 1,000 ni. Ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ló ní tànkì oníke dúdú tó gba iye yẹn gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n tànkì 100 náà ṣòro láti fojú inú wò. Ẹ jẹ́ ká lo ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí lójú ọ̀nà láti Èkó dé Maiduguri: tánkà tó ń gbé epo bẹntiróòlù lítà 33,000. Kúbíìkì mítà 100 jẹ́ tánkà mẹ́ta. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó pe "ọ̀kan" tán, tánkà mẹ́ta ti da omi inú wọn sínú odò Benue. Kí ẹ tó pe "èjì", mẹ́ta mìíràn ti dà. Bí ó bá dé 1,000, ó di tánkà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rù ba ènìyàn nìyẹn, àbí? Ẹ mú sùúrù. Ní Lokoja, níbi tí Benue ti pàdé odò Ọya tí gbogbo ayé ń pè ní Niger, omi tó kọjá nígbà tí omíyalé ọdún 2022 gbóná jù lọ ju kúbíìkì mítà 30,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tánkà bíi 900 nìyẹn. Omíyalé ọdún náà pa ènìyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sọ, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Tí wọ́n bá gbé nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ Lagdo ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ sí í yéni. Kúbíìkì mítà 100 jẹ́ ìdá kan nínú 300 ohun tó kọjá ní Lokoja lọ́dún 2022. Ẹgbẹ̀rún kan jẹ́ ìdá kan nínú 30. Kì í ṣe nǹkan kékeré, kò sì lè dá omíyalé irú ti 2022 sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń mú un léwu ni pé kì í dá rìn. Orí omi òjò àti omi àwọn odò bíi Gongola, Taraba, Donga àti Katsina-Ala tó ń ṣàn wọ Benue lójú ọ̀nà ló ń gùn. Bí odò bá ti kún dé ẹnu, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kó tú síta.

Ẹ tún wo ohun tí àkókò lè ṣe. Kúbíìkì mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n bá fi lítà kà á fún odindi ọjọ́ kan, ó di lítà bílíọ̀nù mẹ́jọ àti mílíọ̀nù 640. Omi kan náà ni, kò fi ẹ̀kán kan lé. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ kí àkọlé rẹ̀ ta yóò mú bílíọ̀nù, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ kí ọkàn ará ìlú balẹ̀ yóò sì mú 100. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì, àgbẹ̀ náà kò sì tíì mọ ìgbà tí yóò kórè.

Ìṣẹ́jú àáyá tọ́ sí ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà dáàmù. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó dúró níbẹ̀ ní láti mọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde lójú ẹsẹ̀, kí ògiri má baà ya. Àgbẹ̀ kò ní ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ ṣí. Gíga àti ọjọ́ ni tirẹ̀: omi yóò fi mítà mélòó ga sí i ní ìlú mi, ọjọ́ wo ni yóò sì dé? Kò sì sí bí ó ṣe lè fi kúbíìkì mítà dá ara rẹ̀ lóhùn, nítorí omi kan náà tó máa kún àwo fẹ̀ǹtẹ̀ dé ìdajì ni yóò kún ìgò tóóró títí tí yóò fi ṣàn jáde. Ibi tí odò bá ti fẹ̀, omi á tẹ́. Ibi tó bá ti fún, omi á ga. Àwọn tó ní àkọsílẹ̀ bí ìsàlẹ̀ odò ṣe rí láti ìlú dé ìlú nìkan ló lè ṣe ìṣirò náà. Nítorí náà, ọ́fíìsì àjọ ló yẹ kí iṣẹ́ yẹn ti parí, kì í ṣe etí oko ìrẹsì. Àwọn pákó tí wọ́n fi ń ka gíga omi wà létí odò ní àwọn ìlú bíi Lokoja. Bí ìkéde bá sọ pé omi yóò gun pákó náà dé ibi báyìí ní ọjọ́ báyìí, ẹni tó rántí ibi tí omi dé ní ilé rẹ̀ lọ́dún 2012 tàbí 2022 á mọ ohun tó kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá fúyẹ́ díẹ̀ ká ní Nàìjíríà ti kọ́ dáàmù Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa, èyí tó yẹ kó máa gba omi Lagdo sílẹ̀. Nígbà tí ìkéde ọdún 2024 jáde, wọn kò tíì kọ́ ọ. Ìkéde nìkan ló wà láàárín Lagdo àti oko.

Àgbá epo tí kò sí àgbá níbẹ̀

Ti epo rọ̀bì yàtọ̀. Àgbá ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pá àti ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e, kì í ṣe inú àgbá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló mú òṣùwọ̀n náà wá láti ìgbà tí wọ́n ń fi àgbá onígi gbé epo ní Pennsylvania: gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 42, tó jẹ́ nǹkan bíi lítà 159. Nígbà tí epo Oloibiri bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jà lọ́dún 1958, bíi àgbá 5,000 lójúmọ́ ni. Lónìí, ẹgbẹ́ OPEC gba Nàìjíríà láàyè láti máa wa àgbá mílíọ̀nù kan àbọ̀ lójúmọ́, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote sì lè fọ àgbá 650,000.

Tí ẹ bá da àgbá mílíọ̀nù kan àbọ̀ yẹn sínú òṣùwọ̀n odò, kò pé kúbíìkì mítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo epo tó ń mú ìjà wá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí gbogbo gómìnà ń dúró dè lóṣooṣù, kò lè kún tánkà kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Síbẹ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi kà á báyẹn. Iye àgbá ni wọ́n ń dá lówó ní ọjà àgbáyé, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe ètò ìṣúná. Àgbá lójúmọ́ tọ́ sí ẹni tó ń tà á.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá ka epo rọ̀bì ní àgbá, tí wọ́n wá ka bẹntiróòlù tí ará ìlú ń rà ní lítà, tí àwọn tó ń jiyàn lórí rédíò sì da méjèèjì pọ̀. Àgbá 650,000 jẹ́ lítà tó lé ní mílíọ̀nù 103. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ni lítà wọ̀nyẹn. Nínú rẹ̀ ni díísù, epo ọkọ̀ òfuurufú, gáàsì ìdáná àti àwọn mìíràn ti ń jáde. Ẹni tó bá wá pariwo pé lítà mílíọ̀nù 103 bẹntiróòlù ló ń jáde lójoojúmọ́ ti fi òṣùwọ̀n tan ara rẹ̀ jẹ.

Kẹ́ẹ̀gì kan àti aago fóònù

Ní àwọn ibùdó ogúnléndé bíi ti ìpínlẹ̀ Borno, àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ní ìlànà kan tí gbogbo ayé ń lò, tí wọ́n ń pè ní Sphere. Ó ní ó kéré tán, lítà omi 15 ló yẹ kí ẹnì kan rí lójúmọ́. Ó tún ní ẹ̀rọ omi kan tó ń yọ lítà méje àbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan kò gbọdọ̀ sìn ju ènìyàn 250 lọ.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ènìyàn 250, lítà 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lítà 3,750 nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń yọ lítà méje àbọ̀ yóò lo 500 ìṣẹ́jú, ìyẹn wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú. Odindi ọjọ́ kan ni, láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, láìsí ìsinmi. Bí agbára ẹ̀rọ náà bá relẹ̀ dé ìdajì, tí ẹnikẹ́ni kò sì kíyè sí i, ìlà yóò gba wákàtí 16 àti 40 ìṣẹ́jú. Kò sí ìyá tó máa dúró títí di ọ̀gànjọ́ òru. Odò tàbí kòtò omi tó súnmọ́ jù lọ ni yóò rán ọmọ sí, ibẹ̀ sì ni kọ́lẹ́rà ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bòhóòlù kan ní ibùdó bẹ́ẹ̀ ń pọn kúbíìkì mítà 90 lójúmọ́. Lórí ìwé, ó tó ènìyàn 6,000. Ìròyìn yóò lọ sí olú ọ́fíìsì pé omi wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ mẹ́wàá péré ni wọ́n so mọ́ tànkì rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọ lítà méje àbọ̀, ènìyàn 2,500 ni omi yóò kàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi ìyókù yóò wà nínú tànkì, òùngbẹ yóò sì wà lórí ìlà. Kúbíìkì mítà lójúmọ́ ni òṣùwọ̀n ẹni tó ń ra pọ́ǹpù. Lítà ní ìṣẹ́jú kan ni òṣùwọ̀n ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́.

Kò sì nílò ẹ̀rọ kankan láti wọ̀n ọ́n. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tó gba lítà 25, àti aago orí fóònù, ó tán. Bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú àáyá, lítà méje àbọ̀ ni. Bí ó bá gbà tó ìṣẹ́jú méje, nǹkan ti ń bàjẹ́ níbì kan.

Nílé náà ńkọ́? Ẹ̀rọ omi tí kò ṣé é tì dáadáa, tó ń kán tó-tó-tó, ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan: tí ẹ bá kà á ní lítà ní ìṣẹ́jú kan, nọ́ńbà rẹ̀ kéré débi pé ẹ ò ní pe púlọ́ńbà. Ẹ kà á fún odindi ọjọ́, ó lé ní lítà mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́fà, ó ti kún kẹ́ẹ̀gì kan.

Ẹ̀kán kì í dọ́gba

Ẹ̀kán yìí gan-an ni nọ́ọ̀sì ń kà ní wọ́ọ̀dù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ti lè pààyàn.

Dókítà yóò kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí wọ́n fa omi lítà kan sí aláìsàn lára láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n róbótó kékeré tó wà lára ọ̀pá dírípù kò ní nọ́ńbà lítà, kò sì ní wákàtí. Ohun tí nọ́ọ̀sì lè rí ni omi tó ń kán nínú ike kékeré abẹ́ ọ̀rá. Aago ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa wò, tí yóò máa ka ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ojú àti aago ni ẹ̀rọ.

Ìyẹn ni pé nọ́ọ̀sì ní láti sọ lítà ní wákàtí mẹ́jọ di ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀kán kò sì dọ́gba. Ọ̀pá dírípù tó wọ́pọ̀ fún àgbàlagbà, ẹ̀kán 20 ló ń di mílílítà kan. Ti ọmọdé ní ẹnu tó tínrín, ẹ̀kán 60 ló ń di mílílítà kan. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, ọ̀rá tí wọ́n máa ń ya sọ nù.

Fún lítà kan ní wákàtí mẹ́jọ, ọ̀pá àgbàlagbà gbọ́dọ̀ máa kán bíi ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹnì kan bá lo ọ̀pá ọmọdé, tó sì ka 42 yẹn náà, omi kan náà yóò gba nǹkan bíi wákàtí 24 kó tó tán. Aláìsàn tí kọ́lẹ́rà ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ yóò máa gba ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó yẹ kó gbà, dírípù yóò sì máa kán lójú gbogbo ènìyàn.

Òdìkejì rẹ̀ ló burú jù. Ẹ mú ọmọ kan tó wọn kílò mẹ́wàá. Ìwọ̀n omi tí wọ́n sábà máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti fi gbé ara ró jẹ́ mílílítà 40 ní wákàtí kan. Pẹ̀lú ọ̀pá ọmọdé, ẹ̀kán 40 ní ìṣẹ́jú kan ni. Nọ́ńbà méjèèjì bára mu nítorí pé ẹ̀kán 60 wà nínú mílílítà kan, ìṣẹ́jú 60 sì wà nínú wákàtí kan. Ìṣirò náà rọrùn, ó sì ń dín àṣìṣe kù. Ní òru ọjọ́ tí ọ̀pá ọmọdé bá tán, tí wọ́n ní kí bàbá ọmọ lọ rà á níta, tó sì ra ti àgbàlagbà nítorí òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀kán 40 yẹn yóò di mílílítà 120 ní wákàtí kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, láàárín wákàtí mẹ́jọ, mílílítà 960 ti wọ ara ọmọ tó yẹ kó gba 320. Omi tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè mú ọpọlọ wú. Ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, àwọn tó dúró tì í sì lè rò pé àìsàn rẹ̀ ló ń le sí i.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé omi kì í pa ọmọ. Lọ́dún 2011, àbájáde ìwádìí FEAST jáde láti Uganda, Kenya àti Tanzania. Ọmọdé 3,141 tí ibà líle ń ṣe ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tí wọ́n yára da omi púpọ̀ sí lára ní wákàtí àkọ́kọ́, nǹkan bíi mẹ́wàá sí mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín ọjọ́ méjì. Àwọn tí wọn kò yára dà á sí lára, bíi méje nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń fa ibà kò mọ ààlà. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé òṣùwọ̀n dírípù ọmọdé ní apá kẹta tí ti odò kò ní: mílílítà mélòó, fún kílò kan nínú ìwọ̀n ara ọmọ, ní wákàtí kan. Bí wọn kò bá gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ìdá kan nínú òṣùwọ̀n náà ti sọnù.

Ẹ̀yin ẹbí aláìsàn ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ọwọ́ yí róbótó dírípù kó lè tètè tán, kí wọ́n lè dá yín sílẹ̀ kí ẹ máa lọ sílé? Ẹ fi í sílẹ̀.

Ní wọ́ọ̀dù kan náà, ọ́síjìn ń ṣàn ní tirẹ̀. Lítà ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń kà á: ọmọ ìkókó lè nílò ìdajì lítà sí lítà kan, àgbàlagbà lè nílò márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta sílíńdà kì í sọ ìṣẹ́jú. Sílíńdà ńlá tó wọ́pọ̀ gba lítà 6,800 ọ́síjìn nígbà tó bá kún. Ohun tí ìyá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbọ́, àti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbapò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kì í ṣe 6,800, kì í sì í ṣe márùn-ún. Wákàtí ni. Lítà 6,800, tí wọ́n bá pín in sí márùn-ún márùn-ún, ó di ìṣẹ́jú 1,360, ìyẹn wákàtí 22 àti 40 ìṣẹ́jú. Sílíńdà tó kún tí wọ́n ṣí ní aago mẹ́jọ alẹ́ òní yóò tán kí aago méje ìrọ̀lẹ́ ọ̀la tó lù, bí kò bá sí ibi tó ti ń jò. Ṣọ́ọ̀kì lásán ló gbà láti kọ aago yẹn sára irin rẹ̀.